Ẹ̀jẹ̀ Tó Yọ́

"Ta ló yọ fíríìsà yìí nínú iná?"

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló ké bẹ́ẹ̀ ní yàrá ìwádìí. Omi ti ṣàn láti abẹ́ fíríìsà dé ìdí tábìlì, bàtà rẹ̀ sì ti rin gbindin. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Yìnyín tó máa ń bo inú rẹ̀ ti lọ. Ó mú ike kékeré kan, ó mì í, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń jó sọ́tùn-ún sósì. Ó mú òmíràn, bákan náà ni.

Ìyá Fíríìsà ni wọ́n ń pè é ní yàrá ìwádìí náà, bẹ́ẹ̀ kò tíì bí ọmọ kankan. Oyè ọ̀mọ̀wé ló ń kàwé fún, òun ló sì máa ń bá gbogbo ayé jà nítorí fíríìsà. Bí o bá ṣí i pẹ́ jù, wàá gbọ́ tìẹ. Bí o bá lọ fi omi mímu rẹ síbẹ̀ kó lè tutù, o ti rí ìjà he. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí iṣan ara wọn ń rọ ló wà níbẹ̀. RNA tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n ń wá. Òun ni ońṣẹ́ tínńtín tó ń sọ fún ara ohun tó yẹ kó ṣe, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣì jẹ́ lára àwọn ọmọ wọ̀nyí. RNA kò lè fara da ooru rárá. Bó bá ti yọ́, ó já wẹ́wẹ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè dì í padà kó di odidi.

Ó wo ojú iná tó wà lára ògiri. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà tí kì í kú, torí bátìrì ńláńlá ló ń gbé e. Wáyà fíríìsà wà nílẹ̀, wáyà àjèjì kan ló wà nípò rẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó tọ̀ ọ́ lọ bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ olè.

Ọ̀gá jókòó sáàárín iná ńlá méjì, ó ti fi pọ́dà ra iwájú orí. Ìpàdé orí ayélujára tí àwọn onímọ̀ RNA láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ máa ń ṣe lóṣooṣù ti bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí ohùn tirẹ̀ sí wọn.

"Rọra ti ilẹ̀kùn! Ẹnì kan ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, èmi ló kàn."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ yọ fíríìsà?"

"Sátidé ni. Mo fẹ́ dán iná mi wò. Àṣé mi ò dá a padà?"

"Sátidé! Òní ti di Mọ́ńdè, ọ̀gá! Aago ìkìlọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò ké ni?"

"Ó ké. Ó ń pariwo mọ́ mi létí, mo bá pa á."

Ká yọ fíríìsà, ó burú. Ká tún wá fún un lọ́rùn nígbà tó ń ké pé ẹ gbà mí, ìkà nìyẹn, kò lórúkọ mìíràn.

"Gbogbo ẹ̀ ti yọ́."

"Dì í padà."

"Kò ṣeé dì padà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Mo ní dì í padà! Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ inú ìpàdé yìí. Bí wọ́n bá ní ó bàjẹ́, ọkọ̀ òfúrufú ló bà á jẹ́."

"Bí wọn ò bá mọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì lọ ń po oògùn lé e lórí?"

"Ìyẹn dọwọ́ wọn." Ó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Èmi náà ni màá fọwọ́ sí ìwé oyè rẹ, rántí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè kó béèrè ọ̀rọ̀. Nawọ́ sókè, kí o bi mí bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀. Ó tán."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Láìpẹ́, ohùn ọ̀gá gba inú rẹ̀ jáde, ó ń dún bí oyin: "Ẹ̀jẹ̀ kan kò bàjẹ́ lọ́wọ́ wa rí." Inú bí i débi pé omijé bọ́. Òun ló bẹ àwọn ìyá àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló di apá rẹ̀ mú, tó ní, "Dọ́kítà, bí kò bá tiẹ̀ wo tèmi sàn, á wo ọmọ ẹlòmíràn sàn." Àwọn yòókù ṣì lè tún na apá. Èyí kò lè nà án mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ó dáa, ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti fẹ́ rí ogún ọdún?

"Ẹ ṣeun," ni obìnrin tó ń darí ìpàdé wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló ní ìbéèrè?"

Ó nawọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mi ò ní ìbéèrè. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀gá mi ní a máa fi ránṣẹ́ ti bàjẹ́. Láti Sátidé ni fíríìsà ti kúrò nínú iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wa."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀gá, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ò dáa," ló wí.

"A gbọ́ ọ ketekete," ni obìnrin náà fèsì. "Ta ló yọ ọ́?"

"Ẹ bi ọ̀gá mi."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó gbé fóònù, ó pe nọ́ńbà kan. Ó ń dún lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá já wọlé.

"O ti ba ayé ara rẹ jẹ́! O ò ní gboyè níbí láéláé!"

Ó tẹ fóònù náà kí ohùn lè jáde sí gbangba.

"Dọ́kítà mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni ìyá ọmọ tó kú wí. "Ṣé wọ́n ti rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi?"

Ọ̀gá yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Rárá, mà. Ẹ̀jẹ̀ náà ti bàjẹ́ níbí, ẹ má bínú, mà. Ọ̀gá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn fúnra wọn ló máa ṣàlàyé fún yín."

Ó na fóònù sí i, kò sì gbé ọwọ́ sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni ohùn ìyá náà wí. "Mò ń gbọ́ yín."