Káàdì Tí Eparama Fọwọ́ Sí

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2017, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Unaisi ìyàwó Eparama kú ní wọ́ọ̀dù àwọn oníkọ́ ife ní ọsibítù kan ní Suva, olú ìlú Fiji. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ikọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nínú oṣù Kejìlá pé ó ti san ló padà dé nínú oṣù Kìíní, kò sì gbọ́ oògùn mọ́.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ Ẹtì, ní abúlé wọn lẹ́bàá odò Rewa. Eparama kò sunkún lójú ènìyàn. Ó ró aṣọ sulu dúdú, ó jókòó sórí ẹní, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì ń dá àwọn tó ń kí i lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ìwádìí tó wà lẹ́yìn ọsibítù náà. Kì í ṣe dókítà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló kà mọ. Òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì bá fà, tó ń kọ nọ́ńbà sára ìgò, tó ń fi ẹ̀rọ yí i títí yóò fi pín: omi tó pọ́n díẹ̀ lókè, pupa nísàlẹ̀, àti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun kan láàárín wọn bí awọ ojú mílíìkì tí wọ́n sè. Inú funfun yẹn ni àwọn ọmọ ogun ara wà. Wọ́n á kó wọn sọ́tọ̀, wọ́n á gbé òkú kòkòrò ikọ́ ife síwájú wọn, wọ́n á wá wò ó bóyá inú á bí wọn. Bí inú bá bí wọn, ara ṣì ń jà. Bí wọ́n bá sùn, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ìwádìí tó wà nílẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ ti àwọn tí ikọ́ ife bá pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà. Ogójì ni wọ́n. Dókítà Pratibha Nand, obìnrin tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, fẹ́ mọ̀ bóyá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú àwọn ọmọ ogun sùn, àti bóyá oògùn tí wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn kò tó irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Unaisi wà nínú ogójì náà. Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fún un.

Oṣù mẹ́fà ni oògùn. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ojú nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń gbé e mì. Oṣù mẹ́rin yòókù, ilé ni, ẹnì kan nínú ilé sì gbọ́dọ̀ máa wo aláìsàn bó ṣe ń gbé e mì, kó fọwọ́ sí káàdì lójoojúmọ́. Orúkọ Eparama ni wọ́n kọ fún ti Unaisi. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì aago márùn-ún àárọ̀ ni Eparama ń wọ̀, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í tíì jí. Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìsìn, á mú káàdì kúrò lójú fèrèsé, á fọwọ́ sí àpótí méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“O lò ó?”

“Mo lò ó.”

Ó tán nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti wà pọ̀. Kò rí ìdí tí òun á fi bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú, Torika, àbúrò Unaisi, wá bá a palẹ̀ ilé mọ́. Ó ń ká àwọn ẹní tó wà lábẹ́ ibùsùn, ó fa nǹkan kan jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan.”

Agolo bísíkíìtì ńlá kan ni. Àwọn àpò ìwé kéékèèké ló kún inú rẹ̀, oògùn ọjọ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí láàbù ṣe ń dì í gan-an. Eparama jókòó sílẹ̀. Ó tú wọn sórí ẹní, ó tò wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ̀tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni.

“O mọ̀ sí i?” ó bi Torika.

“Ẹ má wò mí bí ẹni tó jí adìyẹ yín. Mo mọ̀ pé kò mu tíì. Ìyẹn ni mo mọ̀.”

“Tíì wo?”

“Tíì ewé ọsàn wẹ́wẹ́. Háà, ẹ̀gbọ́n! Ọgọ́rùn-ún òru gbáko, ẹ ò rí i pé ìyàwó yín ò mu tíì?”

“Aago márùn-ún ni mò ń jáde.”

“Ẹ sì máa ń padà wálé, àbí bọ́ọ̀sì lẹ ń gbé ni?”

Ó ti rántí. Ilaitia, ẹ̀gbọ́n Unaisi, kú nínú oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, àwọn ẹbí sì ṣe bí wọ́n ti ń ṣe: olúkúlùkù mú ohun kan tó fẹ́ràn, ó fi í sílẹ̀ títí ọgọ́rùn-ún òru fi pé. Ẹnì kan kò gé irun. Torika kò fẹnu kan akàn. Ẹnikẹ́ni kì í kéde tirẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀. Unaisi fi tíì ewé ọsàn sílẹ̀, nítorí Ilaitia ló gbin igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé, kì í sì í wá kí àbúrò rẹ̀ kí wọ́n má mu ife méjì méjì.

“Kí ni tíì kan oògùn?” Eparama béèrè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Kò lè dúró nínú rẹ̀ láìsí i. Tó bá fi omi lò ó, á bì í. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Nọ́ọ̀sì yín ló ní kó máa fi tíì gbígbóná lò ó. Ó ní, ‘Mama Una, oògùn yín àti tíì yín, ọ̀kan náà ni wọ́n.’ Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí Ilaitia kú, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òru, ó kọ́kọ́ fi omi dán an wò lọ́jọ́ méjì. Ó bì í. Ó ní ikọ́ náà kúkú ti lọ, ara òun ti le, ọgọ́rùn-ún òru kò pẹ́. Ó ní tó bá ti pé, òun á padà sí i. Ó sì padà sí i.”

“Ẹ̀tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níbí. Mẹ́ta dà?”

“Ọjọ́ mẹ́ta tó lọ sí ọsibítù yín ńkọ́? Ojú nọ́ọ̀sì ló ti fi omi gbé e mì. Ó ń dì í mọ́ra títí dé ibùdókọ̀. Èmi ni mo ń di orí rẹ̀ mú níbẹ̀.”

Eparama kó àwọn àpò náà padà sínú agolo.

“Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

“Kí ẹ lè sọ kí ni? Kí ẹ ní kó mu tíì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn.”

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà Nand pè é sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà kò tíì pé àádọ́ta, ojú rẹ̀ ti wọnú, ife kọfí mẹ́ta tó ti tutù wà lórí tábìlì.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ó yẹ kí ẹ ti ẹnu mi gbọ́ ọ.” Ó ti ìwé kan sọ́dọ̀ rẹ̀. “Nínú àwọn tó lo oògùn wọn pé pérépéré, ikọ́ ti padà bá mẹ́fà báyìí. Nígbà tó jẹ́ márùn-ún, mo ń ní ó lè jẹ́ èèṣì. Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sọ ọ́ di mẹ́fà. Mi ò lè dákẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ó fi kún oògùn gbogbo ẹni tó ní ṣúgà ní wọ́ọ̀dù.”

“Èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.”

“Ó ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ìgbà tí a kọ́kọ́ dán an wò, ojú ẹni méjì pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n bí oògùn kékeré kò bá ṣiṣẹ́, kí ni kí n ṣe?”

Láti ojú fèrèsé, Eparama ń wo àwọn aláìsàn lórí ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́. Mẹ́tàlá ni. Ó mọ ẹ̀jẹ̀ wọn ju bó ṣe mọ orúkọ wọn lọ. Ó rántí ìgò nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti oṣù Kọkànlá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yí i. Àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ kò mira níwájú òkú kòkòrò náà, òun ló sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ti sọ sínú ara rẹ̀ nígbà náà pé ṣúgà ni. Ó délé lọ́jọ́ náà, ó ní kí Unaisi dín ìrẹsì kù.

“Mo gbọ́,” ló sọ fún dókítà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé ọ̀rọ̀ agolo náà kiri.

Ní Ọjọ́rú, ó sọ fún Torika pé òun ń lọ sọ ọ́. Obìnrin náà ń bó kókò lọ́wọ́. Ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Pé òpùrọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi? Kó tó pé ogún ọjọ́ tó kú?”

“Èmi ni òpùrọ́. Orúkọ tèmi ló wà lórí káàdì.”

“Wọ́n á gbọ́ nílé Ọlọ́run. Wọ́n á ní ẹ pa á.”

“Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ta lẹ wá fẹ́ ṣe é fún? Òun ti lọ.”

“Ènìyàn mẹ́tàlá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, Torika. Ẹ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní.”

Torika mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó kókò lọ. Ó ní, “Ẹ mú yaqona dání o. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.”

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó wọ yàrá Dókítà Nand pẹ̀lú ìdì yaqona, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ nílẹ̀ wọn, nínú ìwé ìròyìn. Ó bọ́ bàtà. Kò lọ sórí àga. Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀, ó gbé ìdì náà síwájú ara rẹ̀, ó tẹ orí ba.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kí lẹ ṣe?”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìsàlẹ̀.”

Íńdíà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá obìnrin náà wá gé ìrèké, ṣùgbọ́n Fiji ni wọ́n bí òun sí, ó mọ ohun tí ó ń wò. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó wá jókòó sílẹ̀ kọjú sí i. Eparama sọ ọ́, láti orí tíì dé orí agolo, kò yọ nǹkan kan kúrò, kò sì fi nǹkan kan kún un. Nígbà tó dé ibi ọjọ́ Àìkú, dókítà gbé ọwọ́ lé ẹnu.

“Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lé Manasa nítorí pé ó kọ bí fírísà ṣe tutù láì wò ó?”

“Èmi náà ni.”

“Ọdún mẹ́ta rèé tí Manasa ò kí yín.”

“Ó jàre.”

“Ẹ má sọ ‘ó jàre’ fún mi! Ogójì káàdì ni mo ní. Mélòó nínú wọn ni wọ́n ń kún lọ́jọ́ Àìkú?”

“Mi ò mọ̀.”

“Èmi náà ò mọ̀. Ọdún méjì iṣẹ́ nìyẹn.” Inú ń bí i, ṣùgbọ́n agbára tó fẹ́ fi bínú kò tó. Ó fi ẹ̀yìn ti tábìlì. “Èmi ni mo jókòó níbí tí mo kọ ọ́ pé ẹnì kan nílé á máa wò wọ́n. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ìgbà tí ó ń jáde nílé. Mi ò bi wọ́n ohun tí wọ́n fi ń gbé e mì. Mo wọn ohun gbogbo nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn.”

Ó na ọwọ́, ó fa ìdì yaqona náà sọ́dọ̀: ó gba ẹ̀bẹ̀. Eparama mí kanlẹ̀.

“Ìwé yẹn kò ní lọ lọ́jọ́ Ajé,” ni dókítà wí. “A ó kọ́kọ́ lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan. A ó tún bi wọ́n. Bó bá jẹ́ pé márùn-ún náà lo oògùn wọn lóòótọ́, a ó mọ̀. Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n á kúrò láàárín wọn.”

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Á wà nínú fírísà. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi oògùn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tí a sì mọ ọjọ́ tó fi í sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹnìkan á lò ó. Kì í ṣe ẹ̀yin. Mi ò lè jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ìgò kankan títí ìgbìmọ̀ á fi jókòó.”

“Mo mọ̀.” Ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ láàbù sílẹ̀ kó tó wọlé. Ó gbé e lé ilẹ̀.

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, sà. Ọjọ́ tó kú, àti gbogbo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Màá so ó mọ́ fáìlì rẹ̀.”

Dókítà fẹ́ ohun tó jẹ́ ti ìwádìí nìkan, ṣùgbọ́n Eparama kò béèrè. Ó gba ìwé àti bírò, ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kan lára àwọn aláìsàn sún fún un lórí ìjókòó. Ó gbé ìwé náà lé itan, ó kọ ọ́:

Oògùn, àpò mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, nínú agolo bísíkíìtì kan.
Káàdì kan, ó kún. Èmi ni mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. N kò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀.
Ìgò ẹ̀jẹ̀ méjìlá, fírísà kejì, pẹpẹ kẹta.
Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà, bátìrì rẹ̀ ti kú.
Awò ojú kan, apá kan rẹ̀ ti ṣẹ́.
Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì.
Ẹní mẹ́rin tó ti hun tán. Ìkarùn-ún dé ìdajì.
Bàtà kan, ti ẹsẹ̀ òsì, tí a gé iwájú rẹ̀ nítorí egbò.