Ìpínlẹ̀ Mẹ́rin Tí Bàbá Rafiq Kọ́ Mi

Ẹ má bi mí nípa Pakistan o, torí tí ẹ bá bi mí, ilẹ̀ á ṣú síbẹ̀. Èmi Nusirat, ọmọ Ìwó, tí mi ò dé ibẹ̀ rí, mo lè ka ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ńbẹ̀ láìmí: Punjab, Sindh, Balochistan, Khyber Pakhtunkhwa. Tìgbẹ̀yìn yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Bàbá Rafiq ló kọ́ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n ti ṣe tíṣà jọ́gíráfì rí nílùú Lahore, wọ́n ń dá gbé nínú ilé kékeré kan ní Moorings, ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kánádà. Èmi ni kẹ́à wọn. Aago mọ́kànlá ni mò ń dé ọ̀dọ̀ wọn lójoojúmọ́, ààbọ̀ wákàtí sì ni iléeṣẹ́ wa fún mi láti wẹ̀ wọ́n, kí n fún wọn lóúnjẹ, kí n tún rí i pé wọ́n lo oògùn wọn. Ààbọ̀ wákàtí! Ẹni tó ṣírò yẹn, wàlláhì, kò wẹ àgbàlagbà rí láyé ẹ̀.

Bàbá kì í gbé oògùn mì àfi tí mo bá dáhùn ìbéèrè. Lọ́jọ́ tí mo sọ pé ìmáàmù ni yóò máa ṣèjọba níbẹ̀, ṣebí orílẹ̀-èdè olómìnira Ìsìláàmù ni wọ́n pe ara wọn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Wọ́n ní ààrẹ wà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n mínísítà àgbà ló ń darí ìjọba, ilé aṣòfin méjì ló sì ń ṣòfin. Wọ́n fi ṣíbí fa odò Indus sójú ògì tó wà níwájú wọn. Yìnyín orí òkè lápá àríwá ló ń yọ́ di odò, odò ló ń bomi rin àlìkámà àti òwú, òwú ló ń di aṣọ tí wọ́n ń kó gba etíkun Karachi lọ tà fáráyé. Wọ́n wá ní owó tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn odi ń fi ránṣẹ́ sílé náà ń gbé ìlú ró. Wọ́n wo fóònù wọn tí kì í dún. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí tèmi náà kì í dún.

Ká má purọ́ fúnra wa, ààbọ̀ wákàtí yẹn nìkan ni mo fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lóòjọ́. Yàrá kan ni mo háyà nítòsí Plumstead Common. Àwọn tá a jọ ń gbé ilé yẹn, ìró ilẹ̀kùn wọn nìkan ni mo mọ̀.

Daddy ni mò ń pe Bàbá. Kí ni kí n tún pè wọ́n? Ẹni tó ju bàbá mi lọ, kí n la ẹnu kí n pè é ní Rafiq? Christiana, máníjà wa, ní kí n jáwọ́ ńbẹ̀. Woolwich ni wọ́n bí i sí, mo sì fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ‘ẹ’ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní n kì í ṣe mọ̀lẹ́bí oníbàárà, pé tóun bá tún gbọ́ Daddy, òun á kọ ọ́ sí fáìlì mi. Mo ní mo ti gbọ́. Iléeṣẹ́ yẹn ni fisa tí mo fi ń gbé níbí so mọ́.

Nígbà tó yá, Bàbá gbàgbé gáàsì láìpa. Kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní àwọn ń rán ẹnì kan bọ̀ wá wò ó bóyá wọ́n ṣì lè máa dá gbé, àbí kí àwọn kó wọn lọ sílé àwọn arúgbó. Bàbá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kú sáàárín àwọn tí kò mọ àwọn. Ó wá kàn mí láti ṣe tíṣà. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bi wọ́n: ọjọ́ wo lòní, oṣù wo la wà, kí lorúkọ àdúgbò yìí? Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà á.

Lọ́jọ́ náà, Christiana bá obìnrin kánsù wọlé. Bàbá dáhùn gbogbo ẹ̀, wọn ò ṣi ẹyọ kan. Obìnrin náà ti dé bírò ẹ̀, ó wá nàka sí mi bí ẹni ń ṣeré, ó ní ta nìyí.

"Ọmọ mi obìnrin ni."

Obìnrin náà tún ṣí bírò. Ó bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Sọ fún wọn."

Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, pé èmi ni mò ń pè wọ́n ní Daddy, pé bá a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn, pé àgbà téèyàn bá pè ní bàbá kò ṣìwèrè tó bá dáhùn pé ọmọ. Mo wo Christiana. Christiana náà ń wò mí.

"Kẹ́à wọn ni mí."

Ẹyin lohùn. Bàbá sọ ojú sílẹ̀. Obìnrin kánsù kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bàbá ò dá èèyàn mọ̀ mọ́. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi kó wọn lọ sílé àwọn arúgbó kan ní Abbey Wood. Ojú ń tì mí títí dòní. Èmi ni mo lé àgbàlagbà kúrò nílé ara ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo wọ bọ́ọ̀sì 472 lọ kí wọn. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbé ìwé síwájú mi, ó ní kí n kọ bí mo ṣe jẹ́ sí wọn. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ọmọ ni mí.

Bàbá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti wọ kóòtù wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Daddy, èmi ni." Wọ́n wò mí títí. Ẹ̀rín tí wọ́n rín sí mi, ẹ̀rín téèyàn ń rín sí àlejò ni.

"Jókòó, má bínú. Ọmọ mi ń bọ̀ láago mọ́kànlá. Ó mọ ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Aago méjìlá ti kọjá. Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n, a jọ ń retí ẹ̀.