Ẹnu Wàsíù

Lẹ́yìn tí Ṣítù fi igi ìdáná ṣẹ́ Lámátù, ìyàwó rẹ̀, ní egungun ìhà, obìnrin náà kò padà sílé ọkọ mọ́. Ó fi ìlú Mánígírì sílẹ̀, ó forí lé ilé ẹjọ́ Bàsílà, ó ní kí kòmáńdà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè náà, tú ìgbéyàwó àwọn ká. Àgbà méjì ló ń bá òyìnbó náà jókòó dájọ́ nígbà yẹn, kí wọ́n lè máa ṣàlàyé àṣà ìlú fún un. Wàsíù, ọmọ Mánígírì, ni ọ̀kan nínú wọn. Òun ló bi Lámátù pé níbo ni yóò máa gbé títí ọjọ́ ìdájọ́.

"Ọ̀dọ̀ Rùkáyátù, àbúrò ìyá mi, ní Pénésúlù. Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí Ṣítù gbọ́."

"Fọkàn balẹ̀," ni Wàsíù wí. "Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kì í dé ìta."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í gbé inú Wàsíù. Lábẹ́ igi mángòrò iwájú ilé ẹjọ́, níbi tí ògbufọ̀ àti àwọn gáàdì ti máa ń jẹ obì, kò sóhun tí kì í sọ: ẹni tí yóò jàre, ìyàwó ẹni tó ń yan àlè, baálẹ̀ tó wá dọ̀bálẹ̀ fún ògbufọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ń fi Lámátù rẹ́rìn-ín, bó ṣe ká aṣọ sókè láti fi ìhà han òyìnbó.

"Níbo ló wà báyìí?" ni ẹnì kan bi í.

"Pénésúlù, lọ́dọ̀ Rùkáyátù."

Ìbátan Ṣítù kan tó gbé iṣu wá fún àwọn gáàdì dúró níbẹ̀, ó gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Mánígírì. Ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni Lámátù tó mọ gbogbo èyí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, Rùkáyátù ń gúnyán níwájú ilé. Ó gbọ́ tí ohùn àǹtí rẹ̀ le.

"Ṣítù, dúró níbẹ̀. O ò ní wọ ilé mi."

"Ẹ yà lọ́nà o!"

Ọmọ odó já lulẹ̀. Lámátù sáré gba inú ilé kọjá. Rùkáyátù ti fi ọwọ́ méjèèjì di àtẹ́rígbà mú, ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Ṣítù gbé àdá, ó ṣá a lápá. Obìnrin náà kígbe, kò sì yẹsẹ̀. Ṣítù tún ṣá a lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ta sínú odó, ó ta sórí iyán. Ó ṣubú, Ṣítù sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Lámátù ti sá padà gba ẹ̀yìnkùlé yọ sí iwájú, ó ti gbé ọmọ odó. Ó là á mọ́ ọn léjìká láti ẹ̀yìn, egungun dún, àdá bọ́. Ó là á mọ́ ọn lórúnkún. Ó ń lù ú lọ bẹ́ẹ̀ títí àwọn aládùúgbò fi já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ pa á ni, kò purọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ ikú Rùkáyátù ní Bàsílà, wọ́n gbé Ṣítù wọlé. Kòmáńdà ní kí wọ́n bi í pé ta ló fi ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà hàn án.

"Bàbá Wàsíù ló sọ ọ́ níta níbí," ni Ṣítù wí. "Gbogbo wọn ló gbọ́."

Ògbufọ̀ húkọ́, ó sọ̀rọ̀ lédè Faransé. Lámátù kò gbọ́ èdè yẹn, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ Ṣítù. Ó gbọ́ Pénésúlù. Kò gbọ́ Wàsíù.

Ó dìde. Kò sí obìnrin tí í pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán, àmọ́ ó nawọ́ sí i lórí àga rẹ̀, ó ń ké, "Wàsíù! Wàsíù ni!"

Gáàdì fi ìdí ìbọn gún un lẹ́yìn, ó ṣubú, ó ṣì ń pè é. Kòmáńdà gbé ọwọ́ sókè. Ó wo ògbufọ̀ títí ọkùnrin náà fi sọ òtítọ́, àgbà kejì sì dorí kodò.

Wọ́n fi Ṣítù ránṣẹ́ sí Júgù, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ìpànìyàn. Wọ́n ní kí Wàsíù máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Ìyẹn náà ni gbogbo ìyà rẹ̀.

Ó bá Lámátù níta. "Ọmọ mi, má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Eré la ń ṣe."

"Eré?"

Òkúta tó wà nílẹ̀ ni Lámátù ṣà, ó sì là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín jábọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ sórí aṣọ funfun Wàsíù. Àwọn gáàdì gbá obìnrin náà mú, wọ́n tì í mọ́lé.

Nínú àhámọ́, ó ń retí kí ọkàn òun fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, Pénésúlù ló gbà lọ tààrà. Ó bá ọkọ Rùkáyátù lóko, bàbá náà jókòó sórí ebè, koríko ti bo iṣu aya rẹ̀. Lámátù kúnlẹ̀ kí i. Bàbá náà dìde. Ó na ọkọ́ kan sí i, òun náà mú ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko.