Màámi Ní Àtẹ́lẹwọ́ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, àyà mi ṣì ń já. Èmi àti Màámi la wà lẹ́yìnkùlé, à ń gbin òdòdó kan tí ìdí rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà kéékèèké. Màámi ń mú un nínú abọ́, èmi ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti gbin ọ̀kan, Màámi á kéré sí i.

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká dúró!"

Wọ́n ní, "Yára, òjò ń bọ̀."

Ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Nígbà tí abọ́ ṣófo, Màámi ló kù ní àtẹ́lẹwọ́ mi, wọn ò tóbi ju àlùbọ́sà lọ. Ọwọ́ mi kejì ti gbẹ́ ihò.

Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó jìn jù o, ọmọ mi."

Mo fẹ́ kígbe, ohùn ò jáde, ni mo bá ta jí.