Ibi Tí A Ti Ń Ka Jíjìn Kànga

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pàtẹ́wọ́ fún wáyà tí kò kan ohunkóhun. Tí kì í bá ṣe ti àbúrò mi ni, ǹ bá ṣì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín dòní.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń wá epo rọ̀bì. A ó mú kí ilẹ̀ dún, a ó gbọ́ bí ìró náà ṣe ń padà bọ̀, ètò orí kọ̀ǹpútà wa yóò sì sọ ibi tí epo wà àti ibi tí gáàsì lúgọ sí. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, wà lára àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo lórí pèpéle tó wà láàárín òkun. Ètò tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Oníṣòwò míì ló ṣe é, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Nítorí náà, ọwọ́ la fi ń tẹ nọ́ńbà láti inú tiwa sínú tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pè wá lórí fóònù, wọn yóò ka nọ́ńbà náà sí wa létí, wọn yóò sì bèèrè pé, "Láti ibo?" Àwa yóò ní, "Láti orí pèpéle." Ó ń sú èèyàn, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni.

Wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, pé kó ṣe ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo ètò yóò máa tẹ̀ lé, kí fóònù lè sinmi. Ìgbìmọ̀! Ẹ bá mi kí wọn. Alága wọn la sọ ní Baba Ìfẹnukò, torí kò sí ohun tí ẹ máa bi í tí kò ní dáhùn pé, "A ti fẹnu kò lórí ìyẹn." Oníṣòwò tó ta ètò tiwa wà níbẹ̀, èyí tó ta tiwọn náà ò gbẹ́yìn, kálukú ń fẹ́ kí ti òun di ìlànà. Wọ́n jà lórí orúkọ. Wọ́n jà lórí àwọ̀ ìwé ìpolówó. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Mo dìde ní ìpàdé wọn lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, níbo la ó ti máa ka jíjìn kànga? Tiwa ń kà á láti orí pèpéle níbi tí àwọn agbẹ́kànga dúró sí. Tiwọn gbà pé ojú omi ni gbogbo ayé ti ń kà á, á sì tún fi gíga pèpéle kún nọ́ńbà tiwa. Gáàsì tó wà nítòsí á wá dà bíi pé ó jìnnà."

Baba Ìfẹnukò wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "A ti fẹnu kò lórí ìyẹn. Ẹni tó bá wù kó kọ ibi tó ti kà á sí i."

Ẹni tó bá wù! Ẹ gbà mí o.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi ìlànà náà han aráyé pé. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà méjì sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn, àwọn àlejò jókòó, amúlétutù ń fẹ́. Baba Ìfẹnukò tẹ bọ́tìnì lára ti ọ̀tún, àwòrán abẹ́ ilẹ̀ sì yọ gẹ́rẹ́ lójú ti òsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Èmi wo ìsàlẹ̀. Orí wáyà tó yẹ kó so àwọn méjèèjì pọ̀ wà nílẹ̀ lábẹ́ àga, kò sí nínú ihò kankan. Wọ́n ti kó àwòrán kan náà sínú kọ̀ǹpútà méjèèjì kí àlejò tó dé!

Mo gbé wáyà náà sókè. "Baba, kí ló gbé àwòrán yín rìn? Atẹ́gùn ni?"

"Àpẹẹrẹ lásán nìyí," ló wí láìtijú. "Ojúlówó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Pèpéle orí òkun la fi ṣíde."

Mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe àbúrò mi.

"Àǹtí mi!" Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìlànà yín ti dé o, a ò ní máa pè yín dà yín láàmú mọ́. Ó ní ọ̀nà ṣì jìn sí gáàsì, à ń gbẹ́ ẹ lọ wẹ́rẹ́." Ó sọ ibi tí wọ́n gbẹ́ dé fún mi.

Mo kígbe. "Ẹ dá ẹ̀rọ dúró! Orí gáàsì gan-an lẹ wà yẹn!"

"Àǹtí, ọ̀gá wa ní ohun tí ìlànà bá ti sọ ni..."

"Ṣé ìlànà ló pọ̀n ẹ́ ni? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ ni mo ní kó o dá a dúró!"

Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ ń dún lórí irin, mo gbọ́ tó ń pariwo mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìró ẹ̀rọ sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bú gbàù, fóònù kú. Títí wọ́n fi pè mí padà, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní àbúrò. Mo jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mò ń gbọ́ tí àwọn inú gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́.

Gáàsì ti dé lóòótọ́. Nítorí pé wọ́n ti dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n ráyè ti ẹnu kànga pa, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n páìpù kan bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi níbi tó ti ń bá wọn tì í, láti ọjọ́ náà sì ni etí ọ̀tún rẹ̀ ò ti gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ tó máa ń gbọ́ ọ láti ìta nígbà tí ìyá wa bá ṣí ìkòkò!

Ẹ mọ ohun tí ìgbìmọ̀ sọ? Wọ́n ní ìlànà àwọn ṣiṣẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ tètè dé orí òkun. Fóònù mi ló gbé e dé ibẹ̀ o! Aláìnítìjú gbogbo. Wọ́n tún ṣe ayẹyẹ, wọ́n ní kí àbúrò mi wá gba àmì ẹ̀yẹ. Mi ò fẹ́ lọ. Òun ló ní ká lọ wò wọ́n.

Mo jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ká bèèrè ìbéèrè, mo dìde, mo tún bi wọ́n níbo ni wọ́n ti máa ka jíjìn kànga báyìí. Baba Ìfẹnukò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá mi lóhùn, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Àbúrò mi gbé etí òsì rẹ̀ sún mọ́ mi lẹ́nu. "Àǹtí, kí ló sọ?"

"Ó ní àwọn ti fẹnu kò. Ẹni tó bá wù ni."