Dúdú Wo Ni Ìyá Ń Wí?

"Ẹ má fọwọ́ kàn án" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọkùnrin ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó kí ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi àgbà fi sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án. Àpótí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé wà lára ògiri yàrá tí màmá mi ti ń kọ́ ọmọ méjìlá lẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Bí àpótí yẹn bá ti gbóná, ojú àwọn ọmọ á dúró gbagidi bí àwòrán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Má-fọwọ́-kàn-án wá. Á pa á, á tún un tàn, á lọ. Àwọn òbí wá ní bó bá já lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ Ajé, àwọn á kó ọmọ àwọn kúrò.

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kàwé. Mo kà á pé èèyàn lè yọ àpótí kúrò pátápátá. Irin kékeré kan wà tí kò ju ìka lọ: èèyàn á ti fáíbà, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá, bọ ẹnu rẹ̀, á ti òun náà bọ inú ráúta tirẹ̀, ó parí. Mo rà á lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ohun èlò wáyà. Mo fi kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà tó wà nídìí àpótí sínú rẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ fi ń dá ilé mọ̀.

Láàárọ̀ Ajé, kíláàsì ku ogún ìṣẹ́jú, mo gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, mo fa fáíbà yọ lára rẹ̀, mo tì í bọ irin náà tó ti wà nínú ráúta. Iná pupa. Mo tún un tì. Pupa.

Àfi kọ́kọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Má-fọwọ́-kàn-án tí màmá mi ti pè láti ọjọ́ Ẹtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ráàyè dé.

"Ta ló dán irú èyí wò?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ? Ilé-ìwé wo lo lọ?"

"Yàrá yìí," ni bàbá àgbà dá a lóhùn látorí àga wọn. "Ṣé o fẹ́ rí ọ̀gá ilé-ìwé? Wọ́n ń fọ abọ́ lọ́wọ́."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n dá àpótí mi padà."

Mo lọ dúró síwájú ògiri. N kò kúrò.

Bàbá àgbà bi mí pé, "Kí ni ìyá tó tà á sọ?"

"Wọ́n ní ẹnu dúdú ni kí n fi sínú irin. Òun náà ni mo fi sí i."

"Dúdú wo? Lẹ́nu àwa àgbà, ewé dúdú, aró náà dúdú."

Mo wo ẹnu fáíbà: àwọ̀ ewé, orí rẹ̀ sì dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wo ihò irin: àwọ̀ aró, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá? Ìyá yẹn di wáyà kúkúrú kan mọ́ ọjà mi, èmi pè é ní èènì! Ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ ewé, èkejì jẹ́ aró. Mo yọ fáíbà kúrò nínú ihò ara ògiri, mo ki ewé bọ ibẹ̀, mo ki aró bọ irin.

Iná pupa kú. Iná ráúta tàn, ó dúró.

"Ilé-iṣẹ́ ò ní gbà," ni Má-fọwọ́-kàn-án wí.

"Mo ka ìwé àdéhùn yín tán, sà. Ó ní ẹ máa gbé íńtánẹ́ẹ̀tì dé ara ògiri wa. Ògiri nìyí. Ohun tó kù, tiwa ni."

"Jókòó, ọmọ mi," ni bàbá àgbà sọ fún un. "Bó bá já, dá tìẹ padà."

Ó jókòó, ó gbé àpótí rẹ̀ lé itan bí ọmọ tí wọ́n lé nílé-ìwé. Màmá mi nu ọwọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Fún odidi wákàtí kan, ọmọ ń yán, ọmọ ń họ imú, ọ̀kan ń jiyàn pé ìdá mẹ́rin ju ìdá mẹ́ta lọ. Kò sí ojú tó dúró. Níparí, ìyá ọmọ kan yọjú: "Tíṣà, a ó tún ríra lọ́la o."

Má-fọwọ́-kàn-án dìde. "Màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì."

"Ẹ kọ ọ́, sà," ni mo wí. "Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé èmi ni mo ṣe é."