Ohùn Àbúrò Lójú Sikóòpù

Ọjọ́ tí Màámi gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀bù, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì jókòó. Ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, ohùn àbúrò ẹ wà nínú nǹkan yìí. Bá mi yọ ọ́ jáde."

Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ìyá tó bí i pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ mìíràn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà lórí ibùsùn àìsàn, ó ní kí wọ́n gbé e fún Màámi tí òun bá lọ. Ó lọ lóòótọ́. Ẹ̀rọ náà bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó yadi. Màámi kò tíì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Ẹnjiníà tú u. Ó tan sikóòpù, ẹ̀rọ tó ń fi ìrìn iná hàn lójú gíláàsì. Ó fi kílíìpù dúdú rẹ̀ gbá etí bọ́ọ̀dù mú, ó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan ẹsẹ̀ mẹ́mórì tí ohùn wà nínú rẹ̀. Kíá, ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú gíláàsì: ó ga, ó wálẹ̀, ó sinmi díẹ̀, ó tún ga. Sípíkà kò sọ nǹkan kan.

"Màámi! Òun nìyẹn!"

"Níbo? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ máa wò ó ná." Ó tẹ bọ́tìnnì, ìlà náà dúró gbagidi. Màámi fọwọ́ kan gíláàsì, ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Má tíì mú un kúrò o."

"Mi ò mú un kúrò. Sípíkà ló kù. Ẹ ó gbọ́ ọ báyìí."

Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ẹnjiníà tí kò mọ òfin rẹ̀: ẹ̀rọ tí a bá fẹ́ fi sikóòpù yẹ̀ wò, a ò gbọdọ̀ kì í bọ ògiri tààrà, tiransifọ́mà abẹ́ tábìlì, tó ń ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára iná ògiri, ni iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. "Kílíìpù dúdú kì í ṣọ̀rẹ́ ẹnì kan," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, nítorí ilẹ̀ ni wáyà rẹ̀ so mọ́, tó bá kan iná ògiri pẹ́nrẹ́n, ó di ìjàǹbá. Wọ́n á sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ wá bá mi wo ọ̀ràn! Àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́, ìkánjú kò jẹ́ kó ráyè abẹ́ tábìlì lọ́jọ́ náà. Ògiri ló ti ki ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀ bọ̀ kó tó tan sikóòpù. Bó ti ń wá ohun tó mú sípíkà yadi, omijé ti bo ojú rẹ̀, ó ṣí kílíìpù kúrò níbi tó wà, ó gbé e lé ibi tí iná ti ń wọlé láti ògiri.

Gbàà! Iná ta, èéfín rú. Mẹ́mórì là sí méjì.

"Yéè! Mo gbé!" Ẹnjiníà káwọ́ lérí. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Màámi kò yíjú kúrò lójú gíláàsì, nítorí ìlà tí bọ́tìnnì dá dúró ṣì wà níbẹ̀. "Ó ti bàjẹ́, àbí?"

"Ó ti bàjẹ́, Màámi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́."

Màámi nàka sí ìlà náà. "Èyí tó kù yìí ńkọ́? Kí ló ń sọ níbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni Ẹnjiníà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa. Gbogbo òkè ìlà náà dọ́gba, gbogbo kòtò rẹ̀ dọ́gba. Ohùn èèyàn kì í dọ́gba bẹ́ẹ̀ láé. Iná ògiri lásán ni, èyí tó máa ń kùn nínú gbogbo ẹ̀rọ. Àṣé ìgbà tí àbúrò rẹ̀ dákẹ́ kó lè mí ni òun tẹ bọ́tìnnì. Kò sí ohùn rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ayé sú Ẹnjiníà.

"Ẹ̀yin ló ń pè," ó wí.

"Mo mọ̀." Màámi fa àga sún mọ́ tábìlì, ó gbé ojú lé ìlà náà, ó sì jẹ́ ẹ. "Hóò, ọmọ mi. Mo ń gbọ́."

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń retí kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.